Àpèkọ lórí kọ̀ǹpútà: Ohùn ta ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbọ́?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1997, iléeṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé ọjà kan jáde tó pè ní Dragon NaturallySpeaking. Iye rẹ̀ jẹ́ 695 dọ́là. Ìlérí tí wọ́n fi ń tà á yé gbogbo ènìyàn: ẹ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ilé yín, ẹ fi gbohùngbohùn kọ́ etí, ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà yóò sì máa hàn lójú ẹ̀rọ.

Àmọ́ ẹni tó bá rà á kò tíì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní láti kọ́kọ́ ka ìwé sókè sí ẹ̀rọ náà létí fún bíi ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ̀rọ tó lè mọ ohùn rẹ̀. Bí ahọ́n onítọ̀hún bá sì jìnnà sí ti àwọn tí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe sọ́fítíwíà náà, kíkà yẹn nìkan kò ní tó.

Ta ni wọ́n fi ohùn rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ? Ìbéèrè yìí ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti ọdún 1952, ó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀ lónìí tí àwọn dókítà ní Nàìjíríà ń pe àkọsílẹ̀ aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀rọ tó mọ òǹkà mẹ́wàá péré

Ní 1952, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mẹ́ta ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, K. H. Davis, R. Biddulph àti S. Balashek, ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n sọ ní Audrey. Gíga rẹ̀ tó ti àgbà ọkùnrin tó nàró. Gbogbo ohun tó mọ̀ kò ju òǹkà láti òdo dé ẹ̀sán lọ, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀ ní láti dánu dúró lẹ́yìn òǹkà kọ̀ọ̀kan. Ohùn ẹni tí wọ́n bá fi tò ó ló sì máa ń gbọ́ dáadáa. Bí ẹlòmíràn bá dé iwájú rẹ̀, àfi kí wọ́n tún un tò.

Iléeṣẹ́ tẹlifóònù ni Bell, wọ́n sì ń wo ọjọ́ tí ènìyàn yóò máa fẹnu pe nọ́ńbà dípò kó máa fọwọ́ yí i. Àmọ́ ọwọ́ kò náni lówó kankan, Audrey sì wọ́n. Kò kúrò nínú yàrá ìwádìí.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, IBM gbé tirẹ̀ lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní ìlú Seattle. William Dersch ló ṣe é, Shoebox ni wọ́n sì pè é nítorí kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Ọ̀rọ̀ 16 ló mọ̀, òǹkà mẹ́wàá àti àwọn àṣẹ bíi mélòó kan tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Ní 1969, John Pierce, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ní Bell Labs, kọ lẹ́tà kan sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ nípa ìró. Ó fi àwọn tó ń wá owó fún iṣẹ́ yìí wé àwọn tó fẹ́ sọ omi di epo bẹntiróòlù, tàbí tó fẹ́ yọ wúrà láti inú òkun. Èrò rẹ̀ ni pé ènìyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nítorí pé ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò mọ nǹkan kan. Bell sì dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Pierce korò, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ló pa. Etí nìkan kì í gbọ́ ọ̀rọ̀.

'Ọkọ' wo ni ẹ ní lọ́kàn?

Ẹ wo bó ṣe rí lédè Yorùbá. Bí ariwo bá wà níbi tí ẹnìkan ti pe 'ọkọ', olùgbọ́ lè má mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, tàbí ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sọ́jà, tàbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Àmọ́ bó bá ti gbọ́ 'mo wọ' ṣáájú rẹ̀, kò tún ní máa ronú ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ mọ́. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú tirẹ̀: 'to', 'two' àti 'too' kò yàtọ̀ létí rárá.

Frederick Jelinek ló kó ikọ̀ kan jọ ní IBM láti 1972 tó fi òǹkà ṣe ohun tí olùgbọ́ ń fi ọgbọ́n ṣe yìí. Ìlú Kladno, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Czechoslovakia nígbà náà, ni wọ́n bí i sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀. Dípò kí ikọ̀ rẹ̀ kó òfin gírámà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n kó ìwé rẹpẹtẹ fún un, wọ́n ní kó ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ń tẹ̀lé òmíràn. Bí ìró kan bá wá dé tí kò dá a lójú, kó mú ọ̀rọ̀ tí òǹkà bá fi hàn pé ó ṣeé ṣe jù lọ.

Àfojúsùn tó mọ́gbọ́n dání ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ kò sí bí ènìyàn ṣe lè fojú sun ohun tí kò rí rí. Lára ìwé tí IBM kọ́kọ́ lò fún ìdánwò ni àwọn àkọsílẹ̀ tí àwọn olùhùmọ̀ fi gba ẹ̀tọ́ lórí iná lésà. Nígbà tó yá, wọ́n yí sí àwọn lẹ́tà ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ tó jáde látinú irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ bí ọ̀gá iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe ń kọ̀wé sí ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣàjèjì sí i.

Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1980 sókè, IBM ti ní ẹ̀rọ kan tó mọ 20,000 ọ̀rọ̀. Tangora ni orúkọ rẹ̀, wọ́n fi sọrí Albert Tangora, ọkùnrin tó tẹ ọ̀rọ̀ 147 ní ìṣẹ́jú kan, fún odidi wákàtí kan, lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àfọwọ́tẹ̀ ní 1923. Ẹ̀rọ tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò yá tó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ní láti dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń pe àpèkọ fún ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Tọkọtaya tó fi owó ara wọn ṣòwò

Lára àwọn tó bá Jelinek ṣiṣẹ́ ní IBM ni James Baker àti ìyàwó rẹ̀, Janet. Ní fásitì Rockefeller ní New York ni wọ́n ti pàdé, kí wọ́n tó lọ sí fásitì Carnegie Mellon ní Pittsburgh. Ìṣirò ni James mọ̀, Janet sì jẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè. Ní 1975, James parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe lè fi ìṣirò àfojúsùn gbọ́ ọ̀rọ̀. Dragon ló pe ètò náà.

Lẹ́yìn IBM, wọ́n bá iléeṣẹ́ mìíràn ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ní 1982, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ń gbé ní West Newton, nítòsí Boston. Owó ara wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà inú ilé ìgbà yẹn kò lágbára tó fún ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, nítorí náà wọ́n ń ta ohun kéékèèké tó lè gba inú rẹ̀, wọ́n ń dúró kí kọ̀ǹpútà dàgbà.

Ní 1990, wọ́n gbé DragonDictate jáde. Owó rẹ̀ jẹ́ 9,000 dọ́là, ó sì ṣì gba kí ènìyàn máa dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀. Ta ni yóò san irú owó yẹn lórí ohun tí kò yá ju taípísì lọ? Lára àwọn tó rà á ni àwọn tí kò ní ọ̀nà mìíràn: ẹni tí jàǹbá ti sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára, àti òṣìṣẹ́ tí títẹ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di alẹ́ ti ba iṣan ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Fún irú àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. A máa ń gbàgbé wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára àwọn tó fi owó gbé e ró títí tí ó fi di ọjà gbogbo ayé.

Nígbà tí 1997 dé, kọ̀ǹpútà ti dàgbà. IBM ti kọ́kọ́ ta èyí tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ geere láìdánu dúró fún àwọn dókítà tó ń yẹ àwòrán egungun wò, ní 1996. Àmọ́ NaturallySpeaking ló kọ́kọ́ ṣe é fún ẹnikẹ́ni, lórí ọ̀rọ̀ èyíkéyìí. Láàárín oṣù díẹ̀, IBM gbé ViaVoice dé, owó rẹ̀ sì kéré sí ti Dragon. Orogún dé, iye ọjà já wálẹ̀, àpèkọ sì wọ inú yàrá àwọn tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lọ.

Bí wọ́n ṣe ta iléeṣẹ́ náà

Ní ọdún 2000, tọkọtaya Baker ta Dragon fún Lernout & Hauspie, iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ohùn kan ní Bẹ́ljíọ̀m tí òkìkí rẹ̀ ń kàn nígbà náà. Nǹkan bíi 580 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n dá lé e. Kò sí owó tútù níbẹ̀ o. Ìpín ìdókòwò nínú iléeṣẹ́ Bẹ́ljíọ̀m náà ni wọ́n fi san gbogbo rẹ̀.

Kó tó di pé ọdún náà parí, àṣírí tú. Ìwé ìròyìn Wall Street Journal tọpasẹ̀ àwọn oníbàárà tí iléeṣẹ́ náà ní òun ní ní South Korea, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, Lernout & Hauspie wọ gbèsè, ó sì sá sábẹ́ òfin. Ìpín tí wọ́n fi san owó Dragon di ìwé lásán. Ilé ẹjọ́ ní Bẹ́ljíọ̀m dá àwọn olùdásílẹ̀ méjèèjì lẹ́bi jìbìtì ní 2010, wọ́n sì dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún wọn.

Tọkọtaya Baker pe Goldman Sachs, báńkì tó gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí títà náà, lẹ́jọ́ ní Boston. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ ní báńkì náà kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ohun tó lé ní ogún ọdún ṣe ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. ScanSoft, tó padà sọ ara rẹ̀ di Nuance, ló ra ohun tó ṣẹ́ kù, ní ìdá díẹ̀ péré nínú iye ti tẹ́lẹ̀. Microsoft wá ra Nuance fún bílíọ̀nù 19.7 dọ́là, gbèsè rẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n sì parí ètò náà ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Ọ̀kan lára ìdí tí Microsoft fi fẹ́ ẹ ni àwọn dókítà tó ń pe àkọsílẹ̀ sínú rẹ̀.

Microsoft fúnra rẹ̀ ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní oṣù Keje ọdún 2006, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan dúró níwájú àwọn olówó láti fi àpèkọ inú Windows Vista hàn wọ́n. Lẹ́tà sí ìyá ló fẹ́ kọ. Ẹ̀rọ kọ 'àǹtí' dípò ìyá. Ó ní kó pa á rẹ́, ẹ̀rọ kọ àṣẹ náà sílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ni. Bó ṣe ń tún un pè ni ọ̀rọ̀ ń di rúdurùdu, tí àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí.

Bí ahọ́n bá ti Ìbàdàn, Kánò tàbí Accra wá

Lápá ibí yìí, ọ̀pọ̀ ló ti gbìyànjú ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé tó sì sú wọn. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá kò ní ìró 'v', nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń fi 'f' rọ́pò rẹ̀. 'Ship' àti 'sheep' dọ́gba lẹ́nu wa. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ Haúsá, 'p' àti 'f' a máa pààrọ̀ ipò. Gbogbo èyí ní ìlànà tó ń tẹ̀lé, ó sì dúró sójú kan. Ẹ̀rọ tó bá ti gbọ́ Haúsá tó pọ̀ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ ti ará London. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò mú un lọ gbọ́ ọ.

Ní 2020, àwọn olùwádìí ní fásitì Stanford fi òǹkà tì í lẹ́yìn. Wọ́n dán ẹ̀rọ Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft wò pẹ̀lú ohùn àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan. Nínú ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún tí aláwọ̀ funfun sọ, ẹ̀rọ ṣi bíi 19 kọ. Nínú ti aláwọ̀ dúdú, bíi 35. Ohun tí wọ́n kà sí ìdí rẹ̀ ni pé ohùn àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ kò pọ̀ tó. Bó bá ṣe àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ báyìí, ta ni yóò máa bi ẹ̀rọ léèrè nípa ará Accra?

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀. Google fi Zulu àti Afrikaans sínú èyí tó wà fún wíwá nǹkan ní 2010. Ní oṣù Kẹjọ 2017, ó fi Swahili àti Amharic kún un, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà, Ghana, Kenya àti Tanzania. Yorùbá, Haúsá àti Igbo kò sí nínú àkójọ ọjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ tó jinlẹ̀ jù wá láti ilé. Tobi Olatunji, dókítà ọmọ Nàìjíríà tó dá iléeṣẹ́ Intron sílẹ̀, rí ohun tí gbogbo ẹni tó bá ti dé ilé ìwòsàn ìjọba mọ̀: aláìsàn pọ̀, dókítà kéré, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń kọ fáìlì. Ní 2023, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé AfriSpeech-200 jáde, wákàtí 200 ohùn Gẹ̀ẹ́sì láti ẹnu ènìyàn 2,463 ní orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá nílẹ̀ Áfíríkà. Irú ahọ́n 120 ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣègùn wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ náà sì wà.

Lọ́dún kan náà, wọ́n tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí orúkọ ènìyàn. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ orúkọ òyìnbó dáadáa ń gé orúkọ bíi Ukachukwu tàbí Ingabire sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ń pe orin lórí fóònù lè fi èyí ṣe àwàdà. Níbi tí wọ́n ti ń kọ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, orúkọ tó bá yí padà lè gbé èsì ẹnìkan sínú fáìlì ẹlòmíràn.

Yorùbá fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Google, pẹ̀lú onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún, tẹ àkójọ ohùn Yorùbá kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ohùn ènìyàn 36 ni, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin. Ó kéré, àmọ́ ó mọ́ kedere, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, OpenAI gbé Whisper jáde. Wákàtí 680,000 ni wọ́n fi kọ́ ọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó mú un wúlò lápá ibí yìí ni pé ènìyàn lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà ilé kó sì máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí àpèkọ inú Windows 11 tí wọ́n ń fi bọ́tìnì Windows àti H pè ń fẹ́ dátà kó tó dáhùn. Yorùbá wà lára àwọn èdè tí Whisper ní òun gbọ́. Àmọ́ nínú ìdánwò tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn tẹ̀ jáde, ó wà lára àwọn èdè tí àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù.

Meta gba ọ̀nà mìíràn ní 2023. Ó lo Májẹ̀mú Titun tí wọ́n ti kà sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní èdè tó lé ní 1,100. Ọgbọ́n ni, nítorí kò sí ìwé mìíràn tí wọ́n ti kà sókè ní èdè púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èdè Májẹ̀mú Titun kọ́ ni wọ́n fi ń ná ọjà ní Dùgbẹ̀, kò sì sí àpọ́sítélì tó pe orúkọ oògùn ibà. Iṣẹ́ tó súnmọ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ jù ni NaijaVoices, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kó jọ: nǹkan bíi wákàtí 1,800 ní Igbo, Haúsá àti Yorùbá, láti ẹnu ènìyàn tó lé ní 5,000.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àmì ohùn ṣì wà nílẹ̀. Ìró òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ hàn kedere nínú ohùn tí ẹ̀rọ gbà. Bó bá di kíkọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń fi wọ́n sílẹ̀, nítorí pé ìwé Yorùbá tó pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ojú Facebook dé ojú ìwé ìròyìn, kò ní àmì lórí. Ìwé tí àwa fúnra wa kọ ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Nínú fáìlì aláìsàn tí kò ní àmì, 'oogun' lè jẹ́ oògùn tí wọ́n fún un, ó sì lè jẹ́ òógùn tó bò ó lóru. Dókítà tó pe ọ̀rọ̀ náà mọ èyí tó sọ. Nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ kọ ni yóò kà.